Ká Tó Fọwọ́ Kan Fọ́múlà

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC àti NECO, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá bírò àti ìwé sítòsí, nítorí ìṣirò la fẹ́ ṣe lórí afẹ́fẹ́ lálẹ́ yìí, ìṣirò físíìsì, ti ohun tó ń rìn tí eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i tàbí tó ń dín kù ní déédéé.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí kálukú kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀. Mọ́tò kan ń bọ̀ lójú títì. Eré tó ń sá jẹ́ mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, àáyá lásán ni n ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ. Dírẹ́bà rí ewúrẹ́ lójú ọ̀nà, ó tẹ bíréèkì. Láti ìgbà tó ti tẹ̀ ẹ́, eré mọ́tò náà ń fi mítà 5 dín kù ní àáyá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn àáyá 6, mítà mélòó ni mọ́tò yìí ti rìn láti ibi tí dírẹ́bà ti tẹ bíréèkì? Mo tún un kà fún ẹni tó ń wá bírò lọ́wọ́: eré ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 20, ó ń fi 5 dín kù ní àáyá kọ̀ọ̀kan, àkókò jẹ́ àáyá 6.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa sáré mú fọ́múlà tí wọ́n ti há sórí. Eré ìbẹ̀rẹ̀ lọ́nà àkókò, ká wá yọ ìdajì àdínkù eré lọ́nà àkókò lọ́nà àkókò kúrò níbẹ̀. 20 lọ́nà 6 jẹ́ 120. Ìdajì 5 jẹ́ 2.5, èyí lọ́nà 36 sì jẹ́ 90. Ẹ yọ 90 kúrò nínú 120, ó ku 30. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ mítà 30, á fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, á bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Kò ṣi nọ́mbà kankan sọ di púpọ̀, kò ṣì í yọ, síbẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé mọ́tò náà ní àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí dírẹ́bà tẹ bíréèkì, eré jẹ́ 20. Àáyá kan kọjá, eré di 15. Òmíràn kọjá, ó di 10. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó di 5. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, ó di òdo. Mọ́tò ti dúró. Kí ló ṣe ní àáyá karùn-ún àti ìkẹfà? Kò ṣe nǹkan kan, ojú kan ló wà, ewúrẹ́ sì ti kọjá lọ. Bíréèkì kì í dá mọ́tò padà sẹ́yìn. Àmọ́ fọ́múlà kò mọ̀ pé mọ́tò ni. Ohun tí a sọ fún un ni pé eré ń fi 5 dín kù, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó dúró. Nígbà tí eré di òdo, ó ń yọ 5 lọ ní tirẹ̀: ó sọ eré di 5 sí ẹ̀yìn, ó tún sọ ọ́ di 10 sí ẹ̀yìn, ó wá dá mọ́tò náà padà ní mítà 10 sápá ibi tó ti ń bọ̀. Bí ìdáhùn tó yẹ kó jẹ́ 40 ṣe di 30 nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí wà nínú mọ́tò yẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan fọ́múlà, kó kọ́kọ́ ro ìrìn náà bí ẹni tó ń ro ẹjọ́ níwájú àgbà: ta ló ń rìn, ibo ló ti gbéra, ṣé eré rẹ̀ ń pọ̀ ni àbí ó ń dín, ìgbà wo ni ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló parí. Èdè tó fi ń ronú ni kó fi rò ó. Mo ti ń bá àwọn ọmọ ṣe ìṣirò yìí bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ó sì dá mi lójú pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kùnà kò kùnà nínú ìṣirò. Ìbéèrè náà ni wọn kò rí. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́ ń kọjá lójú wọn, nọ́mbà mẹ́ta ló kù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń wá fọ́múlà tí nọ́mbà mẹ́ta náà máa wọ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn, tòun ti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tijú láti fi Yorùbá ro mọ́tò àti bíréèkì nínú ọkàn rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ìdáhùn, òye ni yóò fi rí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 20, 15, 10, 5, òdo. Acceleration ni ìwé físíìsì ń pe iye tí eré fi ń yí padà ní àáyá kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń pọ̀ sí i, n ó máa pè é ní àfikún eré. Tó bá ń dín kù, àdínkù eré ni. Tí iye náà bá jẹ́ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi 5 wa yìí, a ní ó dúró lójú kan. Ibi tó bá ti dúró lójú kan nìkan ni àwọn fọ́múlà wa ti ń ṣiṣẹ́. Kí ni àǹfààní pé ó dúró lójú kan? Ẹ wo àáyá àkọ́kọ́. Eré bẹ̀rẹ̀ ní 20, ó parí sí 15, ó sì ń lọ sílẹ̀ láìfò, láìdúró. Àárín méjèèjì ni 17.5. Mítà tí mọ́tò náà rìn ní àáyá yẹn nìyẹn gan-an: 17.5. Ní àáyá kejì, àárín 15 àti 10 ni 12.5. Ní ẹ̀kẹta, 7.5. Ní ẹ̀kẹrin, 2.5. Ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, mítà 40 péré ni. A tiẹ̀ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: eré bẹ̀rẹ̀ ní 20, ó parí sí òdo, àárín wọn jẹ́ 10, àkókò tó fi rìn jẹ́ àáyá 4, 10 lọ́nà 4 jẹ́ 40.

Inú òótọ́ kan yìí ni gbogbo fọ́múlà tẹ́ ẹ kọ sẹ́yìn ìwé ti jáde. Tí eré bá ń yí padà ní déédéé, ẹ wá àárín eré ìbẹ̀rẹ̀ àti eré ìparí, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú àkókò, ẹ ti mọ bó ti rìn jìnnà tó. Àwọn onímọ̀ ní Merton College ní Oxford ti mọ èyí ṣáájú ọdún 1350, Nicole Oresme, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sì fi àwòrán hàn án láìpẹ́ sí ìgbà náà. Àwòrán ọ̀hún lẹ̀ ń yà títí dòní: ẹ fa ìlà àkókò sí ìsàlẹ̀, ẹ fa ìlà eré sókè, ẹ wá wo iye àyè tó wà lábẹ́ ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ láti 20 dé òdo. Igun mẹ́ta ni. Ìdajì ìdí lọ́nà gíga: ìdajì 4 lọ́nà 20. Òun náà jẹ́ 40.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lórí ìwé tó fi ọwọ́ dán an wò ni Galileo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí eré nǹkan tó ń já bọ́ láti òkè ṣe ń pọ̀ sí i. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nǹkan tó ń já bọ́ yára jù, kò sì sí aago kankan láyé ìgbà náà tó lè wọn àkókò kékeré bẹ́ẹ̀. Ó wá gba ọ̀nà mìíràn. Ó gbẹ́ ipa tín-ín-rín sí ara pátákó gígùn kan, ó dán inú rẹ̀ dáadáa, ó fi awọ tẹ́ ẹ, ó gbé orí pátákó náà kan sókè díẹ̀, ó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù idẹ yí gba inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òòfà ilẹ̀ kan náà ló ń fà á, àmọ́ ó ń rọra fà á, ojú lè bá a. Omi ló fi ṣe aago. Ìkòkò ńlá kan wà lókè, ihò tóóró wà nídìí rẹ̀. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra títí yóò fi dé ibi tó fojú sùn, omi ń ṣàn sínú kọ́ọ̀bù. Yóò wá gbé omi náà sórí òṣùwọ̀n, ìwúwo omi ni ìwọ̀n àkókò. Ó ṣe é, ó tún un ṣe, ó yí bí pátákó ṣe dagun padà, ó tún ṣe é.

Ohun tó rí ni pé, tí bọ́ọ̀lù bá rìn ìwọ̀n kan ní àkókò àkọ́kọ́, yóò rìn ìwọ̀n mẹ́ta ní àkókò kejì, márùn-ún ní ẹ̀kẹta, méje ní ẹ̀kẹrin. Kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé rẹ̀ tó kẹ́yìn ní Leiden, ní ilẹ̀ Holland, ní ọdún 1638, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹ wá wo mọ́tò wa láti ẹ̀yìn wá síwájú: 2.5, 7.5, 12.5, 17.5. Ẹ fi 2.5 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kan, mẹ́ta, márùn-ún, méje ni. Mọ́tò tó ń dúró lójú títì àti bọ́ọ̀lù tó ń yí lórí pátákó nígbà ayé Galileo, òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Inú mi máa ń dùn nígbà gbogbo tí ọmọ kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí ìyẹn, torí pé láti ọjọ́ náà lọ kì í bẹ̀rù fọ́múlà mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí àwọn fọ́múlà náà. Nǹkan márùn-ún ló wà nínú irú ìṣirò yìí, lẹ́tà márùn-ún sì lẹ̀ ń lò fún wọn nílé ìwé: u ni eré ìbẹ̀rẹ̀, v ni eré ìparí, a ni àfikún eré, t ni àkókò, s ni bí nǹkan ṣe rìn jìnnà tó sí ibi tó ti gbéra. Tẹ́ ẹ bá mọ mẹ́ta, ẹ lè rí méjì yòókù. Ìbéèrè ìdánwò sábà máa ń fún yín ní mẹ́ta, á béèrè ọ̀kan, á sì dákẹ́ lórí ọ̀kan. Èyí tó dákẹ́ lé lórí yẹn ni kẹ́ ẹ wá. Tí kò bá dárúkọ jíjìn, ẹ lo v = u + at. Tí kò bá dárúkọ eré ìparí, ẹ lo s = ut + ½at². Tó bá jẹ́ àkókò ni kò sí níbẹ̀, ẹ lo v² = u² + 2as. Tí kò bá sì sọ nǹkan kan nípa àfikún eré, ẹ padà sí àárín eré méjèèjì lọ́nà àkókò. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan: mọ́tò kan gbéra láti ojú kan, nígbà tó fi rìn mítà 125, eré rẹ̀ ti di 25. Kí ni àfikún eré rẹ̀? Wọn ò bá wa sọ àkókò, wọn ò sì béèrè rẹ̀. 25 lọ́nà 25 jẹ́ 625. Ìlọ́po méjì 125 jẹ́ 250. Ẹ fi 250 pín 625, ó jẹ́ 2.5.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò pe òdo lẹ́nu nínú àpẹẹrẹ yẹn, síbẹ̀ òdo wà níbẹ̀. Ohun tó gbéra láti ojú kan, eré ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni òdo. Ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ láìtì í, òdo ni. Ohun tó dúró níkẹyìn, eré ìparí rẹ̀ ni òdo. Ohun tó ń já bọ́, àfikún eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 9.8, ìdánwò sì sábà máa ń ní kẹ́ ẹ lo 10. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní nọ́mbà kò pé sí òun lọ́wọ́ ni kò tíì ka ìbéèrè náà tán.

Ti kìlómítà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá fi kìlómítà ní wákàtí kan sọ eré fún yín, ẹ fi 3.6 pín in kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan. 36 di 10, 72 di 20, 108 di 30. Ẹ kọ ọ́ sí òkè ìwé yín.

Ibi tó gba ìrònú ni ọ̀rọ̀ òkè àti ilẹ̀. Ọmọ kan dúró lórí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga ní mítà 15, ó ju bọ́ọ̀lù sókè ganran pẹ̀lú eré mítà 10 ní àáyá kan. Bọ́ọ̀lù lọ sókè, ó padà wálẹ̀, ó kọjá létí òrùlé, ó balẹ̀. Àáyá mélòó ló lò lójú ọ̀run? Ẹ rò ó ná. Òòfà ilẹ̀ ń yọ 10 nínú eré rẹ̀ ní àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà lẹ́yìn àáyá kan eré rẹ̀ ti di òdo. Láàárín àáyá yẹn, àárín eré rẹ̀ jẹ́ 5, ó ti lọ sókè ní mítà 5. Ní báyìí ó wà ní mítà 20 sí ilẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìdajì 10 lọ́nà àkókò lọ́nà àkókò gbọ́dọ̀ jẹ́ 20, nítorí náà àkókò jẹ́ àáyá 2. Kan àti méjì jẹ́ mẹ́ta.

Ọmọ tó fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú fọ́múlà lè ṣe é, bó bá ti yan ìhà kan tó sì dúró tì í. Tó bá ní òkè ni àmì àròpọ̀, eré ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ +10, òòfà ilẹ̀ jẹ́ −10, ilẹ̀ sì wà ní −15 sí òrùlé. Ẹni tó bá pa àmì kan dà láàárín ọ̀nà ti sọnù. Tó bá ṣe é délẹ̀, ìdáhùn méjì ni yóò rí: 3 àti −1. Wọ́n ti kọ́ wa láti fagi lé −1 kíákíá, ó sì tọ́ ká má kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń wí. Ó ń sọ pé ká ní ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù náà ti gbéra ní àáyá kan ṣáájú, pẹ̀lú eré 20, ibi òrùlé yìí kan náà ni ì bá dé pẹ̀lú eré 10 ní àkókò tí ọmọ náà jù ú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní yingin. Fọ́múlà kò mọ̀ pé ọmọ kan wà lórí òrùlé, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe mọ̀ pé mọ́tò wa ti dúró. Àwa la gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Kí n sì fi èyí kún un, torí ó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa lọ́dọọdún: ní ibi tí bọ́ọ̀lù ga dé jù, eré rẹ̀ ni òdo, àfikún eré rẹ̀ kì í ṣe òdo. Òòfà ilẹ̀ kì í sinmi níbẹ̀. Ká ní ó sinmi ni, bọ́ọ̀lù náà ì bá so rọ̀ sójú ọ̀run.

Ṣé gbogbo ohun tó ń já bọ́ ni fọ́múlà yìí wà fún? Rárá o. Ká sọ pé ẹ̀kán òjò kan já láti inú ìkúukùu tó ga ní mítà 2,000, tí afẹ́fẹ́ kò sì dí i lọ́wọ́. Ìlọ́po méjì 10 lọ́nà 2,000 jẹ́ 40,000, ohun tó lọ́nà ara rẹ̀ tó fi jẹ́ 40,000 ni 200. Mítà 200 ní àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 720 ní wákàtí kan! Òjò tó bá ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nílé. Ẹ̀kán òjò ńlá tó ń bà wá lórí kì í ju nǹkan bíi mítà 9 ní àáyá kan lọ, nítorí pé bó ṣe ń yára ni afẹ́fẹ́ ń tì í padà, títí tí eré rẹ̀ kò fi pọ̀ sí i mọ́. Àfikún eré rẹ̀ kò dúró lójú kan, fọ́múlà wa kò sì bá a mu. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní 1971, David Scott, ọ̀kan lára àwọn tó bá Apollo 15 lọ sórí òṣùpá, mú òòlù ní ọwọ́ kan, ó mú ìyẹ́ ẹyẹ ní ọwọ́ kejì, ó sì jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lójú kámẹ́rà. Wọ́n jọ balẹ̀ ni.

Ìbéèrè tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ni ti ẹni méjì tó ń lé ara wọn. Ọlọ́pàá kan dúró létí títì pẹ̀lú alùpùpù. Mọ́tò kan kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú eré 15 tí kò pọ̀ tí kò dín. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọlọ́pàá tẹná, eré tirẹ̀ ń fi 3 pọ̀ sí i ní àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìgbà wo ni yóò bá a? Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ibì kan náà làwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé, ìgbà kan náà ni wọ́n sì fi rìn ín. Nítorí náà àárín eré ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ jẹ́ 15 bíi ti mọ́tò. Òun tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kí àárín rẹ̀ tó jẹ́ 15, ó ní láti parí sí 30. Láti òdo dé 30 pẹ̀lú àfikún 3, àáyá 10 ni. 15 lọ́nà 10, mítà 150. A ti parí rẹ̀, ìdọ́gba kan kò sí níbẹ̀. Ẹ tún wò ó pé nígbà tí ọlọ́pàá bá mọ́tò náà, ìlọ́po méjì eré mọ́tò ló ń sá. Bí ẹ bá yí 15 àti 3 padà sí nọ́mbà yòówù, ìlọ́po méjì náà ni yóò máa jẹ́.

Títì náà ni mo fẹ́ kúrò lé lórí, torí pé ìṣirò yìí ń gba ẹ̀mí là. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń wakọ̀, tiyín nìyí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ eré àsápajúdé ni àjọ náà kò yé pariwo, v² = u² + 2as sì ń sọ ìdí rẹ̀. Nínú fọ́múlà yẹn, eré lọ́nà eré ló ń pinnu ibi tí mọ́tò máa dúró sí. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì máa jẹ á di ìlọ́po mẹ́rin. Pẹ̀lú àdínkù 5 wa, ẹni tó ń sá kìlómítà 36 ní wákàtí kan á dúró láàárín mítà 10, ẹni tó ń sá 72 á nílò 40, ẹni tó ń sá 108 á nílò 90.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ènìyàn sínú ọkọ̀. Dírẹ́bà kì í tẹ bíréèkì lójú ẹsẹ̀ tó bá rí nǹkan. Ojú á rí i, ọpọlọ á mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ á kúrò níbi tó wà. Ká fún un ní àáyá kan péré. Láàárín àáyá yẹn, eré kò tíì dín, nítorí náà ìrìn méjì ló wà nínú ìbéèrè yìí, a kò sì gbọ́dọ̀ pò wọ́n mọ́ fọ́múlà kan. Mọ́tò méjì jọ ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ń sá 72, èkejì ń sá 108. Àwọn dírẹ́bà méjèèjì jọ rí tírélà tó dábùú títì ní mítà 60 síwájú. Ẹni tó ń sá 72 lo mítà 20 kó tó tẹ bíréèkì, ó lo 40 kó tó dúró. 60 gééré, ó dúró sí ẹ̀bá tírélà náà, àyà rẹ̀ ń já. Ẹnì kejì lo mítà 30 kó tó tẹ bíréèkì, ó ku mítà 30 péré. 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900. Ìlọ́po méjì 5 lọ́nà 30 jẹ́ 300. Ó ku 600. Ohun tó lọ́nà ara rẹ̀ tó fi jẹ́ 600 jẹ́ nǹkan bíi 24.5, ìyẹn kìlómítà 88 ní wákàtí kan. Níbi tí ẹnì kìíní ti dúró jẹ́ẹ́, eré 88 lẹnì kejì fi kọ lu tírélà. Tí òjò bá wá rọ̀, tí táyà kò dì mọ́ ilẹ̀ dáadáa, tí àdínkù eré bọ́ sí 2.5 dípò 5, ẹ tún un ṣírò fúnra yín kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kìíní náà.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́ nìyí, a ó jọ ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin gbéra ní ibùdó Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ó dorí kọ ọ̀nà Ìbàdàn. Èmi ni mo fi nọ́mbà sí i fún ìṣirò wa o. Eré rẹ̀ ń fi ìdajì mítà pọ̀ sí i ní àáyá kọ̀ọ̀kan títí ó fi di mítà 30 ní àáyá kan. Ó sá eré 30 yẹn fún ìṣẹ́jú 5 gbáko. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdajì mítà dín in kù ní àáyá kọ̀ọ̀kan títí ó fi dúró. Ẹ sọ fún wa bó ti rìn jìnnà tó àti iye àáyá tó lò. Ẹ wá fi ìkẹta yìí kún un: eré ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ náà ni òdo, eré ìparí rẹ̀ náà ni òdo, àárín òdo àti òdo sì jẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ti lọ jìnnà. Ibo ni ẹni tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ ti ṣìnà?